Àsun, súyà, tàbí igẹ̀ màlúù ti Texas: èwo ni kí ẹ gbé ka iná?

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, àwa mẹ́fà la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ìyá mi ní Adó-Èkìtì. Òbúkọ kan wà ní ìdí igi náà tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì mọ ohun tí a ó fi í ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Houston dé ní kí a fi èéfín yan án láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ẹran máa já lára egungun fúnra rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, ní àsun ni, àti pé bí a kò bá ní ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn, kí a kúkú tú ẹran sílẹ̀ kó máa lọ. Àbúrò wa tó kéré jù fẹ́ súyà. Ìyá mi kàn bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni yóò gún iyán?" Òbúkọ ń jẹ èèpo iṣu lọ ní tirẹ̀.

Mo máa ń bá àwọn èèyàn sun ẹran lóde ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà irú ìjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí mi. Kò sí òde tí mo dáná dé tí ẹnìkan kò ní fa àga sún mọ́ ààrò láti sọ fún mi pé bí mo ṣe ń ṣe yẹn kọ́ ni wọ́n ń ṣe nílùú àwọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kì í jẹ́ kí iṣẹ́ sú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìnáwó lọ́wọ́, tó sì ti sanwó ẹran, kò lè fi ìjiyàn bọ́ àlejò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún. Bí oníbàárà bá pè mí, n kì í kọ́kọ́ bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: irú ẹran wo ló wà nílẹ̀, wákàtí mélòó lẹ sì ní? Bó bá ti dáhùn méjèèjì, ó ti yàn tán nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Sísun, yíyan, dídín

Èdè wa ti ṣe ìfiwéra yìí fún wa tipẹ́. Ẹja tí a tò sórí àwọ̀n lókè èéfín, a kì í sọ pé a sun ún, a yan án ni. Iṣu tí a tì bọ inú ẹyin iná, a sun ún. Ẹran tó wà nínú òróró gbígbóná, a dín in. Iná máa ń fọwọ́ kan ohun tí a bá ń sun. Ohun tí a bá ń yan, ooru àti èéfín ló ń dé ara rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́.

Mo gbé èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní bábíkíù ń dá ìjà tí kò nídìí sílẹ̀. Nílé wa níbí, ohunkóhun tó bá ti kan irin àti èédú, bábíkíù ni. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, bí ẹ bá gbé ẹran ka èédú tó ń jó fòfò fún ìṣẹ́jú 15, tí ẹ sì pè é lórúkọ yẹn, wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, bábíkíù ni ẹran tó jókòó ti èéfín igi fún wákàtí púpọ̀. Inú èdè àwọn Taíno, tó jẹ́ onílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Kàríbéànì, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn ará Sípéènì ló sọ ọ́ di barbacoa. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ti òkè òkun dé tó ní súyà kì í ṣe bábíkíù, ẹ má bá a jà. Yíyan ló ń sọ, sísun lẹ̀yin ń sọ.

Àsun: ti Oǹdó ni, àbí ti wa?

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n gé ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Èyí ni mo máa ń fi pa ọkọ àbúrò mi lẹ́nu mọ́: bí ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ ni àsun, ọdún wo la pín in? Òun náà á ní, "Àǹtí, ilẹ̀ ni wọ́n pín, wọn ò pín ewúrẹ́." Á tún ní kí n lọ bi àwọn ará Èkó, orúkọ ìlú wo ni wọ́n ń pè mọ́ àsun. Ibẹ̀ ló ti máa ń mú mi. Oǹdó ni gbogbo ayé ń pè mọ́ ọn, irọ́ kò dára. Tiwa ni iyán, kò sì sẹ́ni tó ń bá wa du ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an rèé. Wọ́n á pa òbúkọ, wọ́n á fi iná jó irun rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ họ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí awọ á fi mọ́ tónítóní. Wọn kì í bó o, nítorí awọ yẹn ni ìdajì adùn. Wọ́n á là á, wọ́n á kó nǹkan inú rẹ̀ jáde, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí irin lókè ẹyin iná, wọ́n á máa yí i. Èròjà kò pọ̀: iyọ̀, ata rodo, àlùbọ́sà, òróró díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Bó bá ti jinná, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú awọ lára, wọ́n á dà á sínú abọ́ ńlá, wọ́n á sì da ata àti àlùbọ́sà lé e lórí, wọ́n á pò ó pọ̀ kíákíá. Ìgbà tí ẹran ṣì gbóná ni kí ata bá a. Ooru ara rẹ̀ ló ń sọ ata yẹn di jíjẹ láìjẹ́ pé òórùn rẹ̀ fò lọ.

Etí ni mo fi ń ṣọ́ iná àsun ju ojú lọ. Bí ọ̀rá bá kán sórí ẹyin iná, á dún ṣìì. Bí ṣìì yẹn bá ń lé ara wọn láìsinmi, iná ti pọ̀ jù, ẹ fi igi wọ́ ẹyin iná sẹ́yìn. Bí ẹ bá lè rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí òmíràn tó dún, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹran ń gbẹ ni, kò jinná.

Ohun tí wọ́n ń gbé ka àwo fún wa lóde lónìí kì í sábà jẹ́ èyí. Ẹran tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n dín, tí wọ́n tún wá dà sínú ata díndín ni. Ó lè dùn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sun ló ń jẹ́ àsun. Ohun tí a bá dín, a jẹ́ pé àdín ni, àdín sì rèé, ìyá mi fi ń pa ara ni. Mo sọ èyí níbi ìgbéyàwó kan ní Àkúrẹ́, ìyá alásè gbọ́ ọ, kò sì fún mi ní ẹran mọ́ títí òde fi tú.

Ẹ ṣe ìṣirò yín dáadáa. Òbúkọ tó bá wọn 20 kílò láàyè kì í ju nǹkan bí 9 sí 10 kílò lọ bí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n kó inú rẹ̀ kúrò, egungun wà nínú ìyẹn, iná á sì tún mú tirẹ̀ níbẹ̀. Fún èmi, 40 èèyàn ni irú òbúkọ bẹ́ẹ̀ tó, bó bá jẹ́ ìpápánu pẹ̀lú ẹmu tàbí bíà. Ẹni tó bá ní òun yóò fi ẹyọ kan bọ́ 100 èèyàn, ẹnu lásán ló fẹ́ fi bọ́ wọn. Ohun kejì: ẹ bi ẹni tó bá yín pa ẹran, kí ló fi jó irun. Àwọn kan ń fi taya jó o kó lè yá. Ẹran tí èéfín taya bá ti kàn, ẹ gbé e padà fún un, kò sí ata tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Súyà àti àwọn ìyekan rẹ̀

Bí a bá fi súyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsun, ohun tó kọ́kọ́ yàtọ̀ ni ọ̀bẹ. Lẹ́yìn iná ni wọ́n ń gé àsun. Kí súyà tó dé iná ni wọ́n ti gé e. Àlàájì tí mo máa ń ra tirẹ̀ ní Adó máa ń la itan màlúù tí kò lọ́ràá pẹlẹbẹ, ó ń fẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń tú ìwé, títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹran náà. Á wá fi igi gún un, á fi yájì pa á lára, á wọ́n òróró ẹ̀pà sí i. Kúlíkúlí lílọ̀ ni ìpìlẹ̀ yájì, pẹ̀lú ata gbígbẹ, atalẹ̀, iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tí kò sí Àlàájì kankan tí yóò kà wọ́n tán fún yín.

Ìdí wà tí wọ́n fi ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Màlúù tí wọ́n ń dà wá láti Òkè Ọya ti rin ìrìn tó pọ̀, ọ̀rá kò pọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀, iṣan rẹ̀ sì yi. Bí ẹ bá gbé e ka iná ní ògìdì, ẹnu yóò jà. Bí ẹ bá gé e pẹlẹbẹ, ọ̀bẹ ti bá eyín ṣe ìdajì iṣẹ́, iná á sì ṣe ìyókù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn Haúsá mọ ẹran wọn, wọ́n sì bá a wá ọ̀nà tó yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òbúkọ ṣe bá àsun mu: ẹran kékeré tó tètè jinná, tó ní awọ tó lè gba iná.

Ẹ má fi mọ sórí èyí tí wọ́n fi igi gún nìkan, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní tsire. Balangu wà, ẹran tí wọ́n sun láìfi yájì pa á, tí yájì sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oníkálùkù fi ra ẹnu. Òun ni mo máa ń yàn fún òde tó bá ní ọmọdé àti àgbàlagbà tí ẹ̀pà tàbí ata kò bá lára mu. Kílíṣí wà pẹ̀lú: wọ́n á fẹ ẹran bí aṣọ, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi kúlíkúlí àti ata pípò kùn ún, wọ́n á tún sá a, kí wọ́n tó fi iná díẹ̀ kàn án. Ó lè pẹ́ fún oṣù díẹ̀ láìbàjẹ́. Kì í ṣe ohun òde, ohun àpò ìrìn-àjò ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń pariwo Texas káàkiri, kílíṣí ló kún báàgì rẹ̀ nígbà tó ń padà lọ.

Níbi tí súyà ti borí àsun pátápátá ni pé kò dí onílé lọ́wọ́. Ẹ pe Àlàájì, òun ni yóò gbé irin, èédú, ẹran àti ìwé ìròyìn rẹ̀ wá, ẹ kàn máa tọ́ka sí ohun tí ẹ fẹ́. Ibi tó ti pàdánù ni pé súyà tó bá ti tutù, ó ti kú. Àsun tutù ṣì ṣeé jẹ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iṣu sísun. Ẹ má gbé súyà sínú kúlà dúró de alága.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ò gbọ́ra wọn yé

Ẹ̀gbọ́n mi a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Amẹ́ríkà ní. Mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń kà, ìjà tó sì wà láàárín wọn ju ti Oǹdó àti Èkìtì lọ.

Ẹ wo North Carolina. Ìpínlẹ̀ kan ni, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn ń yan, síbẹ̀ wọn kò lè jẹun pọ̀ láìjiyàn. Àwọn ará ìlà-oòrùn ń yan odindi ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á fa ẹran rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á fi ọtí kíkan àti ata pò ó, kò sí tòmátì níbẹ̀. Àwọn ará Lexington ní ìwọ̀-oòrùn ní apá ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló tó yan, wọ́n sì ń fi tòmátì díẹ̀ sínú ọtí kíkan tiwọn. Tòmátì díẹ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀! Bí ẹ bá wá sọdá sí South Carolina, músítádì ni ẹ ó bá nínú ọbẹ̀ ìfiran wọn, èyí tí wọ́n gbà pé àwọn ará Jámánì tó tẹ̀dó síbẹ̀ ló mú un wá. Bí mo ti ń gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wo ọkọ àbúrò mi, òun náà ń wò mí.

Ní Memphis, egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n fi èròjà gbígbẹ pa lára bí ìgbà tí a bá fi yájì pa súyà. Láti 1978 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá kan lórí rẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Ní Kansas City, ẹran yòówù ni wọ́n ń yan, ọbẹ̀ wọn ló ń kì, tó ń dùn bí oyin, tòmátì àti omi ìrèké dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá bábíkíù ìlú náà ni Henry Perry, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1908. Inú ìwé ìròyìn ló máa ń wé ẹran fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní, "Àlàájì ni bàbá yìí!" Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ṣọ́ iná yẹn ní gúúsù Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú pè.

Texas ló gbẹ̀yìn, òun ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Màlúù ni tiwọn, igẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ní àárín gbùngbùn Texas, iyọ̀ àti ata dúdú nìkan ni wọ́n ń fi sí i. Ìsọ̀ àwọn alápatà tó ti Jámánì àti ilẹ̀ Czech wá ni àṣà náà ti gbilẹ̀, ìlú Lockhart sì ni àwọn aṣòfin Texas fún ní oyè olú-ìlú bábíkíù ìpínlẹ̀ wọn ní 1999. Ooru inú ààrò wọn kì í ju nǹkan bí 110 sí 120 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ẹran náà sì lè lo wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan tó yi nínú igẹ̀ ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tó ń di ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lẹ́nu. Kò sí kánkán níbẹ̀.

Ọjọ́ tí igẹ̀ màlúù dójú tì mí

Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Adó. Mo ra igẹ̀ màlúù oníkílò 5 ní Ọjà Ọba, mo fi iyọ̀ àti iyèré pa á, nítorí iyèré wa àti ata dúdú wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo la àgbá sí méjì, mo kó iná sí ìpẹ̀kun kan, mo gbé ẹran sí ìpẹ̀kun kejì, igi kòkó ni mo ń fi ṣe èéfín. Agogo márùn-ún ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ẹbí pé agogo méjì ọ̀sán la ó jẹun.

Ní agogo mọ́kànlá, irin ìwọnoru tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, tí mo tì bọ inú ẹran, ka 68 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo yọ̀. Ní agogo méjìlá, 68. Ní agogo kan, 69. Mo kó igi sí i, mo fẹ́ná títí omijé fi bọ́ lójú mi, 69. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹran ń làágùn ni: omi tó ń jáde lára rẹ̀ ń tù ú lára bí òógùn ṣe ń tu èèyàn, kò sì ní jẹ́ kí ooru rẹ̀ gòkè fún wákàtí mélòó kan. Àwọn ará Texas mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi ìwé alápatà wé ẹran náà kí omi má lè fò lọ, á sì tún máa gòkè. Èmi kò mọ̀. Ní agogo mẹ́rin, àlejò ti jẹ iyán tán, wọ́n ń wo ọ̀nà ilé, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó mú un kúrò lẹ́nu, ó wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹran yìí kò tíì gbà pé òun ti kú."

Àlàájì onísúyà ló là mí lóye. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi igẹ̀ ṣe? Màlúù yín yìí kò fi ọ̀rá sí igẹ̀. Ẹ ra tozo." Tozo ni iké tó wà léjìká màlúù wa. Ibẹ̀ ni màlúù oníké ń kó ọ̀rá tirẹ̀ sí, ọ̀rá náà sì wà láàárín ẹran bí okùn funfun. Èyí tí wọ́n ń jẹ ní Texas kì í sábà ní iké, wọ́n fi àgbàdo bọ́ ọ títí ó fi sanra. Mo wá gbọ́ pé àwọn ará Brazil, tí màlúù tiwọn náà ní iké, ń yan án lọ́ra bẹ́ẹ̀, cupim ni wọ́n ń pè é. Mo gbé iké oníkílò 3 ka iná lọ́jọ́ kejì ọdún, mo fi ewé eéran wé e nígbà tó dé 68, mo sì fi í sílẹ̀ títí ó fi dé 95. Wákàtí mẹ́sàn-án ló gbà. Ìka ni mo fi ya á. Bí ẹ bá ti pinnu pé ti Texas lẹ fẹ́ ṣe nílẹ̀ yìí, ẹ fi igẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ bá alápatà yín sọ̀rọ̀ iké ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí àwọn onísúyà ti ń dù ú.

Ó yá, ẹ yàn

Bí ẹ bá ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, tí ewúrẹ́ sì wà nílẹ̀, àsun ni, ẹ má wò yíká. Ẹ rí i pé kò tíì gbó. Òbúkọ tó ti di bàbá, ọbẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní ọwọ́ tó pọ̀, tí òde sì jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, ẹ pe onísúyà, kí ẹ sì ní kó mú balangu dání. Bí òde bá ti kọjá 200 èèyàn, ẹ pa àsun àti súyà pọ̀, kí ẹ gbé ìdí iná méjèèjì jìnnà síra, torí èrò á pọ̀ jù níbì kan.

Ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ mọ irú àlejò yín. Nínú ẹbí Èkìtì púpọ̀, Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ ló ń jókòó sídìí àwo kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ìtọ́wò Carolina láìsí ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fi ọtí kíkan àti ata gbígbẹ sórí àsun dípò òróró. Mo ti ṣe é. Ọkọ àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ ṣófo.

Fún Iléyá, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Àgbò tó ti gbó díẹ̀ kì í ṣe ẹran àsun, ó yi. Ìlú kan wà ní Kentucky tó ń jẹ́ Owensboro, àgùntàn ni wọ́n ń yan níbẹ̀, wọ́n ń fi ọbẹ̀ dúdú kíkan kan pa á bó ti ń jinná lọ. Ẹ lo ọ̀nà yẹn fún itan àgbò: iná jẹ́jẹ́ láti àárọ̀, kí iyọ̀ àti ọtí kíkan máa kàn án ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó bá sì rò pé ewúrẹ́ kò ní iyì lókè òkun, ní Brady ní Texas, láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ewúrẹ́ yíyan, tí wọ́n ń pè é ní ti gbogbo àgbáyé. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ fi orúkọ ọmọ Oǹdó wa yìí sílẹ̀ níbẹ̀.

Igi ṣe kókó ju bí wọ́n ṣe ń fojú rẹ́ ẹ lọ. Ayìn ló dára jù tí ẹ bá rí i, ẹyin iná rẹ̀ ń pẹ́. Igi kòkó àti igi ọsàn gbígbẹ náà dára. Ẹ má fi pákó ilé kíkọ́ tàbí igi tí wọ́n ti kùn lọ́dà dáná ẹran. Bó bá jẹ́ ìgbà Ùdírókò, ọdún ìbílẹ̀ Adó nínú oṣù Kẹjọ, ẹ ta nǹkan sórí ààrò, òjò Adó kì í sọ pé òun ń bọ̀.

Ẹja àti bọ́ọ̀lì, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ará Port Harcourt ń fi ẹja àti ata jẹ bọ́ọ̀lì, àwa ń fi ẹ̀pà jẹ tiwa. Tiwọn ló dùn jù. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Òbúkọ ìdí igi máńgòrò ńkọ́? Ìyá mi ló dá ẹjọ́ náà. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe àsun, àfi itan kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi igi kòkó yan láti ọ̀sán di alẹ́. Ìyá mi tọ́ àsun wò, ó tọ́ itan yíyan wò, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó sún mọ́ ìkòkò bu ẹ̀gúsí sórí méjèèjì fún òun, kí wọ́n sì gbé iyán wá.